Òwú Tí Ó So Wọ́n Pọ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Kólósè 2:1-7



Àwa tí a ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe àmì léèsì tí à ń fi sáàárín Bíbélì mọ̀ pé a kì í ran án sórí aṣọ. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó ń yọ́ nínú omi ni a ń tẹ́ ní ìlọ́po méjì, tí a sì ń fà le nínú férémù. Òwú kan náà ni à ń lò lókè àti nínú bọ́bììnì, nítorí ojú méjèèjì ni ènìyàn yóò rí. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ran òwú ní ìbú àti ní òró bí àwọ̀n, kí ó tó gbé òdòdó lé e. Lẹ́yìn náà, a ó gé etí ọ̀rá kúrò, a ó sì rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. (A kì í ṣàn án tán pátápátá o. Ìwọ̀nba tí ó kù lára rẹ̀ ni yóò mú un le bí ó bá gbẹ.)

Inú omi yẹn ni òótọ́ ti ń hàn. Bí ó bá jẹ́ bátànì tí wọ́n ṣe fún orí aṣọ ni a lò, òdòdó yóò dára lójú níwọ̀n ìgbà tí ó wà lórí ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá yọ́, ewé á lọ lọ́tọ̀, òdòdó á lọ lọ́tọ̀. Kì í ṣe pé òwú wọn kò dára. Kò sí èyí tí ó di èkejì mú ni.

Ǹjẹ́ kí ni ọ̀rá ẹgbẹ́ wa? Aṣọ ẹgbẹ́ ni, gèlè ni, ijó ọpẹ́ ọjọ́ ìkórè ni. A kò bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n; àwa náà fẹ́ràn aṣọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n opó tí kò rí owó aṣọ ọdún san, tí ó jókòó sílé ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, ta ni ó wá a lọ? Akọ̀wé pe orúkọ rẹ̀, a kọ "kò wá" sí i, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní Bristol ní ọdún 1742, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Wesley ń wá bí wọn yóò ṣe san gbèsè ilé ìsìn, Kápútéènì Foy dámọ̀ràn pé kí oníkálukú máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Wọ́n ní tálákà pọ̀ nínú wọn. Foy ní kí wọ́n fi mọ́kànlá tí ó tálákà jù lọ sí ọwọ́ òun. Òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọn kò bá sì ní, òun yóò san tiwọn mọ́ tòun. Bí kíláàsì Mẹ́tọ́díìsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé ni ó fẹ́ máa bá wọn. Kò ní kí wọ́n wá bá òun.

Orúkọ mélòó ni a ti kọ "kò wá" sí láti ìgbà ìkórè tí ó kọjá? Kí àwọn olórí kíláàsì mú ìwé náà wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a pín orúkọ wọ̀nyí láàárín ara wa, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá sì lọ má ṣe béèrè owó aṣọ.