Ìwúre Láti Ara fún Àwọn Tó Ń Jí Gbàdúrà Kí Wọ́n Tó Gbé Ọkọ́

Ọlọ́run Ọba, Elédùmarè, Baba tí kì í sùn, a dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ bá wa ní ìlú Ara lónìí. Òjò Agẹmọ ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ti rọ̀, àgbàdo ti gbó lóko. Àwọn ìyá tó ń gbé ẹrù lọ Èjìgbò ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọlọ́kadà ti ń pe èrò. Gbọ́ wa kí a tó wọ inú ariwo ọjọ́. Kì í ṣe tara wa la kọ́kọ́ fẹ́ tọrọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ti jí ṣáájú wa, tí wọ́n ti dúró níwájú rẹ nígbà tí òkùnkùn ṣì kún ilẹ̀, nínú aṣọ funfun tí aṣọ dúdú wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń kọ Sáàmù nígbà tí àwa ṣì ń hanrun. Àwọn la fẹ́ wúre fún.

Bùkún fún àwọn Cistercian, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bùkún fún ilé wọn ní Awhum, ní ìpínlẹ̀ Enugu, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Bùkún fún àwọn arábìnrin wọn ní Abakaliki. Bùkún fún àwọn tó wà ní Kokoubou, lágbègbè Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn Bàrìbá jọ ń ná ọjà kan náà. Bùkún fún ilé wọn ní Bamenda ní Cameroon, níbi tí ìbọn ti ń dún láti ọdún 2017. Olúwa, má jẹ́ kí ìbọn dá Sáàmù dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá sá wọ ọgbà wọn, kó rí ibi sùn, kó rí oúnjẹ jẹ, kí ẹni tó ń lé e má lè wọlé tẹ̀ lé e.

Ní 1098 ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, Robert, Alberic àti Stephen Harding, fi ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ ńlá tí wọ́n wà sílẹ̀, tí wọ́n lọ jókòó sínú igbó irà ní Cîteaux, nílẹ̀ Faransé. Wọ́n fẹ́ pa òfin tí Benedict kọ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́ láìbù kù, wọ́n sì fẹ́ jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Kò sí ẹni tó lé wọn kúrò nínú ìrọ̀rùn, àwọn fúnra wọn ló dìde. Olúwa, fún wa ní irú ìdìde bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí Benedict, ẹni tó kọ òfin yẹn ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, tí kò sì gbàgbé oòrùn. Ó ní láti Àjíǹde títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n kúrò lóko kí oòrùn tó kan àtàrí, kí wọ́n wá jókòó ti ìwé mímọ́. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá ti jẹun tán, kí oníkálùkù lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé dípò kó sùn, kó kà á láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òru ẹ̀ẹ̀rùn kúrú lọ́hùn-ún, nítorí náà ó dín ìwé tí wọ́n ń kà lóru kù, kí oorun wọn lè tó. Ó ní kí wọ́n gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, àmọ́ bí iṣẹ́ oko bá wà, tàbí tí ooru bá le jù, kí wọ́n jẹun lọ́sàn-án. Òfin tó mọ̀ pé ó máa ń rẹ èèyàn, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní oṣù Òkúdù, Agẹmọ àti Ògún tí oòrùn ń ràn kalẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó, òjò ló ń lù wá níhìn-ín, ebè la ń ro, iṣu tuntun la ń retí. Síbẹ̀ ara kan náà la ní, ó sì ń rẹ̀ wá. Fi àánú Benedict sí ọkàn gbogbo ẹni tó ń gba alágbàṣe ní Ara, ní Èjìgbò, ní Ìwó àti Ẹdẹ. Kí olóko rántí omi, kó rántí oúnjẹ, kó san owó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ tí ilé ìwé ti fún ní ìsinmi gígùn, tí wọ́n ń bá bàbá wọn lọ oko, kí wọ́n rí àkókò jókòó sábẹ́ igi, kí wọ́n rí ìwé kan kà, kí ejò má bù wọ́n jẹ, kí àdá má ṣá wọn. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí nínú èéfín láti òwúrọ̀, fún wọn ní ìsinmi ọ̀sán tí Benedict fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tó ń lu agogo fún wọn pé ó tó, ẹ dáwọ́ dúró.

Benedict tún pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ilé pé kó máa wo gbogbo irinṣẹ́ bí ẹni ń wo ohun èlò mímọ́ orí pẹpẹ. Gbogbo rẹ̀ pátá: ìkòkò, ṣọ́bìrì, garawa. Baba, ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi gbé ọkọ́ wa wá síwájú rẹ. Súre fún ọkọ́ àti àdá wa. Súre fún ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, má jẹ́ kó gé ìka ẹnikẹ́ni. Súre fún agbada gàrí àti asẹ́, fún òṣùwọ̀n ọjà, kó má parọ́. Súre fún kẹ́ẹ̀gì tí ọmọ ń gbé lọ pọn omi. Kí a má fi irinṣẹ́ sílẹ̀ sínú òjò, kí a má jí ti ẹlòmíràn, kí a dá èyí tí a yá padà ní fífọ̀.

Olúwa, a mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ nìkan ló ń jí sí ọ. Lákòókò tí wọ́n ń kọ Sáàmù ìdájí ni àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà. Má jẹ́ kí àwọn tó ń jí ní wákàtí kan náà kórìíra ara wọn.

Mo tọrọ ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ yìí a kọ orin kí Màríà, Ìyá Àánú, wọ́n a wá pa ẹnu mọ́ títí di òwúrọ̀. Àwa ń gbé láàárín jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn. Má jẹ́ kí àdúrà tiwa gba oorun lójú aláìsàn àti abiyamọ. Kọ́ wa pé o gbọ́ kí a tó pariwo.

Rántí ìránṣẹ́ rẹ, Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Aguleri, tí a bí ní 1903, tó di àlùfáà ní 1937. Òun ló ṣe ìrìbọmi fún Francis Arinze, tó padà di Kádínà. Ní 1950 ó fi ìjọ tó fẹ́ràn rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí Mount Saint Bernard ní Leicestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti kọ́ ìgbé ayé àwọn Cistercian, kó lè bá wọn dá irú rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Fádà tí èèyàn ń wárí fún ní Nàìjíríà di ọmọ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, láàárín àwọn òyìnbó, nínú òtútù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n bá ń lọ sùn, òru ò sì ní tíì jìn kí agogo tún tó jí wọn. Nígbà tí wọ́n máa dá ilé sílẹ̀ ní Áfíríkà ní 1963, Bamenda ni wọ́n yàn, kì í ṣe Nàìjíríà. Tansi kú ní Leicester ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 1964. Ní 1986 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, ní 1998 sì ni Póòpù John Paul Kejì wá sí Oba, lẹ́bàá Onitsha, tó kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún. Kò fi ojú ara rẹ̀ rí ilé Cistercian kankan ní Nàìjíríà. Lónìí, agogo ń dún ní Awhum.

Nítorí Tansi ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ agbègbè wa tó wà ní Àbíjàn, àwọn tó ti dàgbà sẹ́nu ọjà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi owó kọ́ ilé tí wọn ò tíì sùn nínú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. Èyí tí kò bá sì rí i, jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn lóore.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣẹ́ kù, Baba, ó sì nira fún wa láti bẹ̀. Bóyá ọmọ kan wà ní Ara yìí tí o ti ń pè. Yorùbá ni wá, ọmọ la fi ń mọ̀ pé a wá sáyé, ẹ̀rù ń bà wá láti gbọ́ pé ọmọ wa kò ní fẹ́yàwó, kò ní bímọ, pé oko àti Sáàmù ni yóò fi ayé rẹ̀ ṣe. Tu àwọn òbí bẹ́ẹ̀ nínú. Má jẹ́ kí ẹbí dá a dúró pẹ̀lú ẹkún àti ègún, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í lọ bí ìwọ kò bá pè é. Bó bá jẹ́ ìwọ lo pè é lóòótọ́, kí ìyá rẹ̀ bá a di ẹrù, kí bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí kó súre fún un níwájú gbogbo ẹbí, kí wọ́n jọ sìn ín dé ibùdókọ̀, kí wọ́n sì fún un lówó ọkọ̀. Àmín, àṣẹ.