Ẹ Má Fi Ojú Kékeré Wo Ohun Kékeré

Bíbélì kíkà: II Àwọn Ọba 5:1-14



Nínú ibi tí a kà yìí, olórí ogun Síríà ni Náámánì, alágbára ni, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Ta ni ó mú ìròyìn ìwòsàn wọ ilé rẹ̀? Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀gágun. Ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni. Inú yàrá ìyàwó Náámánì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn wòlíì kò lè dé, ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run sì ti lò ó. Àwọn baba wa náà sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ Ọlọ́run yìí kan náà nínú ara wa. Ní ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, dókítà ará Jámánì kan, Alfred Nissle, ṣàkíyèsí ọmọ ogun kan tí ìgbẹ́ gbuuru kò mú bí ó ti mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìgbẹ́ ọkùnrin yìí ni ó ti rí bakitéríà kan, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí ń ṣe ìfun ní rere. Orúkọ dókítà yìí ni wọ́n fi ń pè é títí di òní.

Àárín kókó jẹjẹrẹ dà bí yàrá tí a ti pa. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, atẹ́gùn kò tó níbẹ̀, ó sì ṣòro fún oògùn àti fún àwọn ọmọ ogun ara láti wọlé. Ṣùgbọ́n irú ibẹ̀ ni ó tẹ́ bakitéríà yìí lọ́rùn. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York tún ẹ̀dá rẹ̀ ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ lè máa pèsè oògùn. Bí ó bá ti pọ̀ nínú kókó náà, a bẹ́, oògùn a sì tú jáde níbẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde pé kókó jẹjẹrẹ súnkì lára àwọn èkúté tí wọ́n fi dán an wò.

Èyí kò yẹ kó ya ìyá ọlọ́mọ lẹ́nu. Bakitéríà tí a sọ di aláìlágbára ni abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún fún ọmọ wa jòjòló nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Òun kan náà ni àwọn dókítà ń fi sínú àpò ìtọ̀ láti wo jẹjẹrẹ ibẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1990.

Kí ni ẹ̀kọ́ wa? Èkíní, ẹ má ṣe kẹ́gàn ẹni kékeré. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń fọ abọ́ lè mú ọ̀rọ̀ ìyè wá.

Èkejì, kókó kékeré nínú ọmú, ẹ má fi ojú kékeré wò ó, bí kò tilẹ̀ dunni. A ti sin àwọn arábìnrin wa tí wọ́n fi aṣọ bò ó títí ó fi di egbò, nítorí ìtìjú, tàbí nítorí ẹnìkan sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Náámánì gbọ́ ọ̀rọ̀ wòlíì, ó sì lọ sí odò. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún ẹlẹ́tàn. Oògùn tuntun yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Kò tíì dé ọjà. Ògì wa dára, bakitéríà rere wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá ta irú rẹ̀ fún yín ní orúkọ bẹ́ẹ̀, owó yín ni ó ń wá.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa yẹ ọmú rẹ̀ wò, kí ó sì bi arábìnrin kan léèrè nípa tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má jẹ́ kó dá lọ.

Kí Ọlọ́run tí ó lo ọmọ ọ̀dọ̀ Náámánì lo àwa náà. Àmín.