Ẹni Tó Mú Àtòrì Lọ́wọ́

“Pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.” Ìyàwó là ń pa á fún, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó mú pàṣán dání náà gbọ́ ọ.

Ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀, àtòrì ni igi pàṣán. Igi kékeré ni. Etí igbó àti oko tó ti di ìgbòrò ló ń hù sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gé a wá èyí tó ta gbọọrọ, a re ewé rẹ̀ dànù, a tẹ orí rẹ̀ wá bá ìdí. Bó bá tẹ̀ tí kò dá, tó sì ta padà fìn-ìn, ó tó í fún atọ́kùn eégún. Èyí tó ti gbẹ á dá mọ́ni lọ́wọ́ ni.

Gígé rẹ̀ kò ṣòro, lílò rẹ̀ ló gba ọgbọ́n. Ìtàn ní láti Ifẹ̀ ni òrìṣà Ògìyán ti lọ jọba ní Èjìgbò. Babaláwo kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti àjò dé, ó fi ìnagijẹ béèrè ọba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó rí ọba fín. Wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, obìnrin kò bímọ mọ́. Ifá tú àṣírí ọ̀rọ̀, ọba sì tọrọ àforíjì. Babaláwo gbà, ó ní kí ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún. Ìyẹn ni àdúgbò Òkè Màpó àti ti Ìsàlẹ̀ Òsólò fi ń kojú ara wọn lọ́jọ́ ọdún Ògìyán.

Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń nani ni a lè nà. Bí ọdún bá parí, ẹnìkan kì í torí ẹgba yan ẹnìkejì lódì. Ní Bahia ní Bràsílì, níbi tí òrìṣà náà sọdá òkun dé, fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi àtòrì kan èèyàn lára, kí ire lè bá a.

Nílé àti níléèwé wa ńkọ́? Ẹnìkan ṣoṣo ló ń mú un dání. Ọwọ́ lásán ni ọmọ fi ń gba ẹgba. Ìwọ̀n kò sí níbẹ̀ àfi èyí tí anani bá fi sí i. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: kó béèrè kó tó na ọmọ, ohun tí ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyẹn kò ṣe nìyẹn. Bó bá fi ọwọ́ òsì bá a wí, kó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Bó bá sì ṣì í nà, kó bẹ ọmọ náà. Ọba Èjìgbò bẹ̀bẹ̀, adé kò sì bọ́ lórí rẹ̀.