Oúnjẹ fún Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ Rẹ̀wẹ̀sì

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19:4-8. Èlíjà tọrọ ikú. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Àkàrà àti omi ló gbé fún un, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kí ó sùn.

Ní Ayétòrò, tí a tẹ̀dó ní 1947, òkun ti gba ilé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá ń rù, àwa a ní ààwẹ̀ ló ń gbà. (Àwọn kan tilẹ̀ ń yìn ín pé ó fúyẹ́!) Ìbànújẹ́ lè dí oúnjẹ lọ́nà ọ̀fun, àìjẹun a sì tún dá kún ìbànújẹ́. Ẹ gbé ọbẹ̀ ẹja lọ, ẹ jókòó tì í títí yóò fi jẹ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí àyípadà, ẹ bá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn.