Ta Ló Mọ̀ Ọ́n: Akẹ́kọ̀ọ́ Tàbí Kọ̀ǹpútà?

Ní fásitì lónìí, ìṣirò tó máa ń gba àwọn tó ṣáájú ní odidi ọ̀sán kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Olùkọ́ á kọ differential equation kan sára pátákó, ìyẹn ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, yálà èèyàn tó ń pọ̀ sí i nínú ìlú ni, tàbí ooru tó ń kúrò lára irin, tàbí oògùn tó ń tán lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan á sì yọ lójú ẹ̀rọ. Ó ti rí ìdáhùn gbà. Ṣé ó wá mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti olùkọ́ ìṣirò nìkan, nítorí ohun tí à ń pè ní ìmọ̀ gan-an ló ń bi wá. Nígbà tí Barry Hallen àti Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò (philosophy) ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn, tí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n gbọ́ jáde nínú ìwé ní 1986, ohun tí àwọn àgbà náà là sílẹ̀ ni pé ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni títí yóò fi dán an wò. Èrò tèmi ni pé ohun tí ẹ̀rọ fi hàn wá, gbígbọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú la fi ń wò ó. Iṣẹ́ fásitì ni láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí yóò ṣe fọ̀rọ̀ wá ẹ̀rọ lẹ́nu wò títí ìgbàgbọ́ náà yóò fi di ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdọ́gba kékeré kan: y′ = y², kí y jẹ́ 1 nígbà tí t, ìyẹn àkókò, jẹ́ 0. Ohun tó ń wí ni pé, bí a bá sọ y di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ohun tó bá jáde ni eré tí y ń sá lákòókò náà. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi ẹ̀rọ ṣe é wà nínú ìwé tí Leonhard Euler tẹ̀ jáde ní 1768: wo eré tí nǹkan náà ń sá níbi tó wà, fi eré yẹn rin ìgbésẹ̀ kékeré kan, dúró, tún eré náà wò, kí o sì tún gbéra. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 0.1, y á kúrò lórí 1 bọ́ sórí 1.1, láti ibẹ̀ sórí 1.221, á máa gùn lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí t bá di 1, ẹ̀rọ á ní y jẹ́ 6.13. Bí a bá ní kó máa lọ, yóò lọ: ní t = 1.1, yóò fún wa ní 9.89. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tòótọ́ ni y = 1/(1 − t), èyí tó ń ga sókè láìlópin bí t ṣe ń sún mọ́ 1. Kò sí iye kankan tí y lè jẹ́ níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹ̀rọ ń ka iye rẹ̀ fún wa, láìṣiyèméjì, títí dé ẹ̀yìn àmì ẹ̀sún.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé kí a gbé kọ̀ǹpútà tì, ká padà sórí bírò àti ìwé. Ẹ̀rù irú èyí ti pẹ́ láyé. Nínú ìwé Phaedrus, Plato fi í sẹ́nu ọba Íjíbítì kan, tó ń bẹ̀rù pé ìwé kíkọ yóò sọ àwọn èèyàn di onígbàgbé. N kò fojú kéré rẹ̀, nítorí ọwọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ rí kò lè mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le. Ṣùgbọ́n ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó fi bírò ṣe ìdọ́gba yìí kan náà. Ó tẹ̀ lé ìlànà tí olùkọ́ fún un, ó rí 1/(1 − t), wọ́n bi í pé kí ni y nígbà tí t jẹ́ 2, ó fi 2 sípò t, ó sì kọ −1. Òun náà ti fò kọjá ibi tí ọ̀nà ti já, láìmọ̀ pé ó já. Ìlànà tí a há sórí kò sàn ju bọ́tìnì tí a tẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, bírò kì í dé ibi gbogbo. Ní 1841, Joseph Liouville fi hàn pé àwọn function tí a mọ̀ bí ẹni mowó, kódà ká fi integral kún wọn, kò tó láti kọ ìdáhùn y′ = t² + y², ìdọ́gba tí ó kúrú tó báyìí. Àwọn ìdọ́gba tó kún inú ìwé kíláàsì, àwọn tó gbà fún bírò la ṣà jọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí irú mìíràn yóò máa rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Nǹkan kan sì wà tí kọ̀ǹpútà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí bírò kò lè tètè fún un, ìyẹn ni ìrísí gbogbo ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Henri Poincaré ló yí ojú àwọn onímọ̀ ìṣirò sí ìrísí yìí láàárín 1881 sí 1886, nígbà tó yéé wá fọ́múlà, tó ń béèrè ibi tí àwọn ìlà náà ń lọ. Ohun tó fojú inú rí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú lásán rí báyìí pẹ̀lú dfield àti pplane, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí John Polking kọ ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà: á tẹ ibi tó bá wù ú lójú ẹ̀rọ, ìlà tó gba ibẹ̀ kọjá á sì yọ. Ẹ̀rọ tó ń parọ́ náà tún lè ṣí ilẹ̀kùn òtítọ́ fún ẹni tó bá ń béèrè ìdí. Ní 1961, Edward Lorenz ní MIT tún ìṣirò ojú ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó tẹ 0.506 dípò 0.506127 tó wà nínú ẹ̀rọ, ojú ọjọ́ kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ti àkọ́kọ́ títí wọn kò fi jọra mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kò dúró lórí ìrònú yẹn. Ó tọ ipasẹ̀ òǹkà náà lọ sẹ́yìn títí ó fi rí i pé òǹkà tí a gé kúrò lẹ́yìn ló fà á. Ìwé tó kọ jáde lórí rẹ̀ ní 1963 ló jẹ́ ká mọ ìdí tí a kò fi lè sọ ojú ọjọ́ ọ̀nà jíjìn tẹ́lẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà òde òní ti gbọ́n ju ti Euler lọ. Òótọ́ ni. Ètò tó dára nísinsìnyí máa ń fúnra rẹ̀ dín ìgbésẹ̀ kù níbi tí eré bá ti le, bó bá sì ń sún mọ́ t = 1, yóò dúró, yóò kìlọ̀. Wọ́n á tún ní ojoojúmọ́ ayé wa kún fún ìgbàgbọ́: a ń mu oògùn tí a kò pò, a ń wọ bàálù tí a kò kàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ wa nínú bàálù dúró lórí pé ẹnì kan wà níbì kan tí kò gbà á gbọ́ lásán, tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1962, kí John Glenn, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Amẹ́ríkà, tó gòkè lọ yí ayé po, ó ní kí Katherine Johnson, onímọ̀ ìṣirò, fọwọ́ ara rẹ̀ tún òǹkà tí kọ̀ǹpútà ṣe ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí kíláàsì ìdọ́gba wọ̀nyí, irú ẹni tí Glenn ránṣẹ́ sí ni à ń kọ́ ọ láti dà. Bí òun náà bá gba ẹ̀rọ gbọ́ bí àwa tó kù ṣe gbà á gbọ́, kò sí ẹni tó kù láti yẹ nǹkan kan wò. Ìkìlọ̀ tí ètò náà ń kọ sójú ẹ̀rọ kò sì wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé ìdáhùn lè dópin.

Àwọn ìbéèrè kan tilẹ̀ wà tí ẹ̀rọ kò lè parí láéláé. James Ezeilo, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdọ́gba onípele mẹ́ta, ohun tó sì ń wá ni bóyá ìdáhùn wọn kò ní kọjá ààlà kan títí ayé. Chike Obi, tí òun náà kọ́ni ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Yunifásítì Èkó, wá èyí tó máa ń yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè rìn dé t = 1,000 tàbí 1,000,000; "títí ayé" kò sí lára ìgbésẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí tí ọpọlọ èèyàn gbé kalẹ̀ nìkan ló lè débẹ̀.

Olùkọ́ kan lè sọ pé kíláàsì òun kún, iná kò dúró, kò sí àyè fún gbogbo èyí. Ohun tí mò ń béèrè kò wọ́n. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má gba ẹ̀rí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó gé ìgbésẹ̀ náà sí méjì, 0.05 dípò 0.1, kí ó tún un ṣe, ì báà jẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ní t = 0.5, ìdáhùn á kúrò lórí 1.80 bọ́ sórí 1.88, ó ń sún mọ́ 2 tó jẹ́ òtítọ́. Ní t = 1, 6.13 á di 9.55, bó bá sì tún un gé, yóò tún fò sókè. Ní ibi kan, ẹ̀rí méjèèjì ń bára wọn rẹ́. Ní ibi kejì, wọ́n ń ta ko ara wọn. Kí wọ́n bi í nínú ìdánwò pé kí ló fà á, kí wọ́n sì fi máàkì sórí àlàyé yẹn ju sórí òǹkà lọ.