Nígbà Tí Àrùn Bá Wọlé: Kí Ni A Jẹ Ara Wa?

Ìwé ayẹyẹ ni ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àrùn tó ń ràn ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ló ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le kò lè wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá wá sí òde.

Gbogbo wa la mọ àṣà wa. Bí ara ẹnì kan kò bá yá láàrin wa, a ó rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹnì kan á gbé orí rẹ̀ lé itan, ẹlòmíràn á fi aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀, àwọn obìnrin ilé á fọ èébì. Bí àìsàn náà bá ń le sí i, a ó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé: Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìwó tàbí Ìjẹ̀bú. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, ẹbí ni yóò wẹ òkú, tí a ó gbé e lọ sin sí ilé bàbá rẹ̀. Àṣà rere ni. Èèyàn laṣọ ẹni, pàápàá jù lọ ní ìlú tí a kò bí wa sí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í fẹ́ bèèrè. Bí àrùn tó ń ṣe ẹni náà bá jẹ́ irú èyí tó lè bọ́ sí ara ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìfẹ́ ni kí a fọwọ́ kàn án, àbí ìfẹ́ ni kí a dúró ní òkèèrè? Ẹni tó dúró ní òkèèrè, ṣé ó ti kọ ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni? Kí ni ẹni tó ń ṣàìsàn jẹ wá, kí sì ni àwa náà jẹ ẹ́?

Ibà Lassa ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú Jos tí a ń gbé yìí wà nínú ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, àìsàn kan kọlu Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní ìlú Lassa, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá sí Jos, ó sì kú síbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, bá a nu ẹnu rẹ̀; egbò kékeré kan wà ní ìka ọwọ́ tó fi nu ún. Kò pé oṣù kan tí òun náà fi kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, náà kó o. Wọ́n gbé e lọ sí New York, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ti rí fáírọ́ọ̀sì tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Jordi Casals, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, kó àrùn yìí nídìí iṣẹ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Pinneo, wọ́n fi omi inú rẹ̀ sí Casals lára, ó sì yè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Shaw fi ọwọ́ ìfẹ́ nu ẹnu ẹni tó ń kú lọ, ibẹ̀ sì ni ikú ti wọlé sí òun náà lára. Pinneo yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún ẹni tó wà nínú ewu, ẹni náà kò sì kú. Àwọn méjèèjì ló ní ìfẹ́. Ìmọ̀ ló wà láàrin ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì. Shaw kò jẹ̀bi, nítorí kò sí ẹni tó mọ orúkọ àrùn náà nígbà yẹn. Àwa tí a wà láyé lónìí kò lè sọ pé a kò mọ̀.

Kí ni a wá mọ̀? Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀, tó máa ń wọ inú ilé àti abà, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku yìí ló ń kó o sínú oúnjẹ wa: gàrí tí wọ́n sá sí etí títì, oúnjẹ tí a kò dé, àwo tí eku rìn kọjá lórí rẹ̀ tí a kò fọ̀. Ẹni tó ń pa eku jẹ náà lè kó o. Láti ara èèyàn sí èèyàn, ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti omi ara mìíràn ló ń gbé e. Ìkíni láti òkèèrè kò lè ràn án. Ó lè gba ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 kí àmì rẹ̀ tó hàn. Nínú èèyàn 10 tó kó o, nǹkan bí 8 ni kì í ṣe púpọ̀ fún, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó le fún máa ń rí i: ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní imú àti ní ẹnu, òmíràn á sì kú. Nínú àwọn tó le fún tí wọ́n sì yè, etí àwọn kan máa ń di.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ ni pé bí ibà lásán ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Bí ẹnì kan bá ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà Lassa máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àrùn Òkè Ọya ni, pé bí òun bá ti sá dé ilé, òun ti bọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí gbèsè. Èrò mi ni pé méjì ni. Àkọ́kọ́ ni òtítọ́, ẹni tó ń ṣàìsàn ló jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun kò súnmọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Nítorí náà, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló fura, tó sì kọ̀ láti fi í sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fúngun mọ́ ọn. Ọkùnrin náà kú, dókítà yìí náà sì kó àrùn ọ̀hún, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ẹlòmíràn tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí pé ó ti súnmọ́ ọkùnrin náà yọ́ kúrò ní Èkó, ó lọ sí Port Harcourt, dókítà kan sì tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Òun yè, dókítà náà kú. Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, èèyàn 20 ni àrùn náà ṣe ní Nàìjíríà, 8 kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ èèyàn 894, wọ́n ń lọ wò wọ́n láti ilé dé ilé, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rù ló ba àwọn ọkùnrin méjì yìí, pé wọn kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ òtítọ́ fún lè ṣọ́ra. Ẹni tí a bá parọ́ fún, a ti di í lójú kí a tó ní kó máa bọ̀. Ara mi ni tèmi, àmọ́ àrùn mi kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹnì kan á ní, "Ó dára, ẹni tó sọ òtítọ́, kí ló rí gbà?" Ìbéèrè yìí mọ́gbọ́n dání. Onílé á ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn oníbàárà á yà kúrò ní ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀. Wọn kò ní jẹ́ kí ọmọ wọn bá ọmọ rẹ̀ ṣeré mọ́, kódà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti dá tán. Ẹ wo ìlú Lassa fúnra rẹ̀: ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àrùn ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú mọ bó ṣe ń rí nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tí ojú gbogbo èèyàn sì yí sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Kò yẹ kí a fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ara wa.

Gbèsè kejì nìyẹn: àánú. Àwa tí ara wa le ni a jẹ ẹ́. Bí òtítọ́ bá wọ́n lọ́jà, irọ́ ni èèyàn yóò máa rà.

Nínú gbèsè méjèèjì, èwo ni kí a kọ́kọ́ san? Tèmi ni pé kí àwọn tí ara wọn le kọ́kọ́ san tiwọn. Ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà kò rí àyè ronú púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó lè sọ òtítọ́ nípa àìsàn tí kò tíì ṣe é, ṣùgbọ́n a lè ṣèlérí àánú láti òní lọ, kí oníkálùkù ti mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, a kò ní ta òun nù. Síbẹ̀, èyí kò dá ẹni tó bá pa á mọ́ láre. Bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ óò sá fún mi, mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ, nítorí ẹ̀mí ẹlòmíràn kì í ṣe owó tí mo lè fi ra ìtìjú mi padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni kí a yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn. Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ gbígbóná bá pa èèyàn, ẹbí kì í wẹ òkú rẹ̀. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná ló ń gbé e lọ sin, a kì í lu ìlù, a kì í se àsè. Kò sí ẹni tó ní ìyá ọmọ kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ìfẹ́ lè yí ọwọ́ padà. Bí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá kan ọ̀kan nínú wa, ẹ jẹ́ kí a pè é lórí fóònù láràárọ̀ àti lálẹ́, kí a gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí a fi owó ẹgbẹ́ san owó ilé ìwòsàn, kí a bá a tọ́jú ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbé e sínú ọkọ̀ èrò lọ sí ilé. Bí ikú bá sì dé, kí a fi òkú sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú yìí ni wọn yóò sin ín sí. Ibi tí a sin èèyàn sí kọ́ ló ń sọ ọ́ di ọmọ bàbá rẹ̀. A lè ṣe ìrántí rẹ̀ nílé nígbà tí ewu bá ti kọjá. Bí ó bá sì yè, kí a tẹ́ àga fún un ní ìpàdé wa bí ti tẹ́lẹ̀.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rí ìjà àrùn. Bí ó bá sì dé, kí ó bá òtítọ́ lẹ́nu wa, kí ó bá àánú lọ́kàn wa. Àṣẹ.