Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Wo Àrùn Tí A Kò Mọ̀?



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ibà mu púpọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibà ni à ń pè é. Bí ara bá ń ro bàbá àgbà, ibà náà ni. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a ó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ló dà pọ̀. Ara gbígbóná kan náà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n àrùn tó lè fà á pọ̀: ibà tí ẹ̀fọn ń fà, òtútù àyà, etí dídùn, àrùn inú ìtọ̀, táífọ́ọ̀dù, ibà Lassa àti àwọn mìíràn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa fún ẹlòmíràn ní oògùn àrùn tí kò ì tíì dá mọ̀?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìyí, kí ló kan ẹgbẹ́ obìnrin? Ó kàn wá, nítorí pé ọwọ́ wa ni oògùn ń gbà dé ẹnu ọmọ. Àwa là ń rán ọmọ lọ sí kẹ́mísì, àwa là ń pín kóró oògùn sí méjì, àwa là ń tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù de ọmọ aládùúgbò. Bí àbá wa bá bọ́ sí i, a ó dúpẹ́. Bí kò bá bọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tó dá àbá ló ń jìyà rẹ̀, ọmọ tí a fún ní oògùn ni. Ibi tí ẹnì kan ti ń dá àbá tí ẹlòmíràn sì ń san gbèsè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ti wọ ibẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá àwọn ìyá tó ṣáájú wa lẹ́bi o. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí oògùn Sunday-Sunday tí a ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ibà má bàa mú wa, a sì rántí kíkorò Nivaquine. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sí níbi púpọ̀. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé bí ara ọmọ tí kò tó ọdún 5 bá gbóná, kí wọ́n fún un ní oògùn ibà. Ọgbọ́n ìgbà náà ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà di ọ̀lẹ́kùn sí chloroquine, títí Nàìjíríà fi pa ìlànà rẹ̀ dà ní ọdún 2005, tí oògùn alápapọ̀ tuntun fi gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a máa ṣe àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni tí a bá fura pé ibà ń ṣe, kí a tó fún un ní oògùn. Ohun tó mú èyí ṣeé ṣe ni àyẹ̀wò kékeré tí a ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ṣe, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní fìtílà, bó bá táràrà lọ nínú òkùnkùn, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí fìtílà wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ kò lè sọ pé òkùnkùn ló fà á.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà dé ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọ̀báléńdé, ní Erékùṣù Èkó wa níhìn-ín. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí, oògùn ibà ni wọ́n sì fún un. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ọmọ-ọmọ-ọmọ Herbert Macaulay, yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi í ní ìbéèrè lórí ibi tó ti ń bọ̀ àti ẹni tó ti bá pàdé, ó sì fura pé ó lè jẹ́ Ebola. Ọkùnrin náà ní òun kò bá ẹni tó ní Ebola pàdé rí. Dókítà náà kò fi orúkọ ibà pa ojú dé. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fúngun mọ́ ọn. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, dókítà náà sì kú nípa àrùn yìí kan náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Bí wọ́n bá ti ní ibà lásán ni, kí ó máa lọ, ta ni ó lè sọ iye ilé tí ìbá ṣófo ní Èkó?

A kò dá òkú lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n a rí i kọ́ pé àyẹ̀wò kìíní ni ìbéèrè, òtítọ́ sì ni ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà sílẹ̀ fún un. Àwa tí a ń mu àgbo ní kọ̀rọ̀ tí a kò sọ fún dókítà, àwa tí a ti lo oògùn ẹlòmíràn ká tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tó bá pa àrùn mọ́, ìwòsàn rẹ̀ ló ń pa mọ́.

Àwọn kan yóò ní àtakò, ó sì yẹ kí a gbọ́ ti wọn. Ìyá kan lè sọ pé, “Èmi ni mo bí i, mo mọ ọmọ mi.” Òótọ́ ni. Ìyá ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ara ọmọ kò yá, dókítà tó gbọ́n sì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ara ọmọ kò yá yàtọ̀ sí mímọ ohun tó ń ṣe é. Ẹlòmíràn á ní àìnígbàgbọ́ ni àyẹ̀wò. John Wesley tí í ṣe bàbá ìjọ wa kò rò bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé ìṣègùn fún àwọn mẹ̀kúnnù ní ọdún 1747, nígbà tó yá ó sì fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn oògùn tí a ti dán wò, kí òǹkàwé lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Bí owó ọwọ́ ìyá kò bá ká àyẹ̀wò àti oògùn pọ̀, ṣé kò yẹ kó fi ra oògùn? N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ṣùgbọ́n oògùn tí kò bá àrùn mu, owó méjì ló ń jẹ, àrùn gan-an sì ń jókòó pẹ́ sí i. Ibi tí ẹrù yìí bá ti ju agbára ìyá kan lọ, ẹrù gbogbo wa ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń lọ kí aláìsàn, kí páálí ohun mímu dín, kí owó àyẹ̀wò pọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ìwé èsì di òrìṣà. Àyẹ̀wò Widal tí a fi ń wá táífọ́ọ̀dù ti wà láti ọdún 1896. Kì í ṣe kòkòrò gan-an ló ń fi hàn, ohun tí ara fi ń bá a jà ni. Ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lè ní in lára láìṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Àyẹ̀wò ibà kékeré náà lè máa fi ilà hàn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ńkọ́? Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún ìyá kan lẹ́yìn ìsìn, tó jẹ́ 150 lórí 95, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di aláìsàn. Wọ́n ní láti tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn. Ènìyàn ló fi ààlà sí 140 lórí 90. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn wá sí 130 lórí 80. Nítorí náà, ìwé èsì ní láti bá ìtàn aláìsàn àti ojú dókítà rìn pọ̀. Bí àyẹ̀wò bá sì ní kì í ṣe ibà, ẹ má ṣe lo oògùn ibà síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ohun tó fà á.

Ìgbà kan wà tí a kì í dúró rárá. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu omi tàbí ọyàn, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tí kò dá wa lóhùn mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ní ọ̀sán tàbí ní òru.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè òkè yìí ni pé kò tọ́, níbi tí àyẹ̀wò bá ti wà ní àrọ́wọ́tó. Ìfẹ́ nìkan kò tó fún ọmọ; ó yẹ kí ìfẹ́ náà béèrè kó tó ṣe. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti béèrè, kí ó fún wa ní òtítọ́ lẹ́nu, kí ó sì dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.